Sìtíárìn Tó Le, Sìtíárìn Tó Rọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Awakọ̀ Treichville

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Abidjan, èyí tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní France au revoir, mọ ohun tó ń ṣe. Á ṣáná sí i, á fi ìka kan ṣoṣo yí sìtíárìn dé ọ̀tún, á yí i dé òsì, á wá wojú yín: "Ẹ rí i bó ṣe rọ̀ bí òwú?" Ojú kan ni ọkọ̀ náà dúró sí o. Ẹni tó fẹ́ rà á á mi orí, owó á sì jáde lápò.

Mi ò ní kí ẹ má ra ọkọ̀ tí sìtíárìn rẹ̀ rọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìka kan lórí ọkọ̀ tó dúró kò sọ bí ọkọ̀ náà yóò ṣe rìn. Èyí tó rọ̀ níwájú ilé lè máa ṣe ségesège lójú ọ̀nà Valéry Giscard d'Estaing (VGE) bí eré bá ti dé kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Èyí tó le díẹ̀ nígbà tí ẹ ń páàkì lè jẹ́ òun gan-an ni yóò di ọ̀nà mú nígbà tí òjò bá dé. Ohun méjì ló yẹ kí awakọ̀ mọ̀ nípa sìtíárìn ọkọ̀ rẹ̀: bó ṣe ń yí padà bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, àti bóyá bó ṣe wà lánàá náà ló ṣì wà lónìí.

Àdúgbò Treichville a máa fi sìtíárìn ṣiṣẹ́ gan-an. Àwọn òpópónà rẹ̀ ṣe tààrà, wọ́n ń gba ara wọn kọjá ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, nọ́ńbà la sì fi ń pè wọ́n: Avenue 16, Rue 12. Fún ìdí èyí, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ibi tí ẹ bá ti fẹ́ yà lẹ ti máa yí sìtíárìn gidi. Ọkọ̀ ti páàkì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, woro-woro á kàn dúró láti gbé èrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọlanke ọjà wà láàárín títì, ọkọ̀ àjàgbé tó ń ti pọ́ọ̀tù bọ̀ náà sì ń wá ọ̀nà tirẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti gun afárá Houphouët-Boigny tàbí afárá De Gaulle lọ sí Plateau, tàbí ẹ ti bọ́ sórí VGE, ẹ ti dorí kọ Port-Bouët àti Grand-Bassam, eré sì ti ń pọ̀. Iṣẹ́ méjì tó takora ni ẹ ń bẹ ọkọ̀ kan náà.

Ohun tó ń mú sìtíárìn wúwo nígbà tí ọkọ̀ dúró kò fara sin. Táyà méjì iwájú ló gbé ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá yí wọn lójú kan, rọ́bà ni ẹ ń fi ha ilẹ̀. Bí táyà bá ti lè yí díẹ̀, kódà kí ọkọ̀ kàn fà lẹ́ẹ̀kan, púpọ̀ nínú ìwúwo yẹn á lọ. Àwọn àgbà tó wa Peugeot 404 láyé ọjọ́un mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Sìtíárìn wọn tóbi fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn kì í sì í yí i lórí ọkọ̀ tó dúró; wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ rá díẹ̀ ná. Bí ẹ bá ní irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra sìtíárìn kékeré ti àwọn ọlọ́kọ̀ eré ìje fi pààrọ̀ tirẹ̀ nítorí oge. Èjìká yín ni yóò san owó rẹ̀.

Agbára tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Francis Davis, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ti ṣe é sínú ọkọ̀ Pierce-Arrow kan lọ́dún 1926, ṣùgbọ́n ọdún 1951 ni Chrysler tó kọ́kọ́ gbé e wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún gbogbo èèyàn, ìyẹn Imperial. Ọ́ìlì ni tìgbà náà ń lò. Lọ́dún 1988 ni Suzuki gbé èyí tó ń lo iná mànàmáná sínú Cervo, ọkọ̀ kékeré kan ní Japan. Oríṣi méjèèjì ló kún Treichville lónìí, ti oníná sì ń pọ̀ sí i, torí pé láti oṣù keje ọdún 2018 ni ìjọba Côte d'Ivoire kò ti gbà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ tó ti lò ju ọdún 5 lọ wọlé mọ́. Àwọn ọkọ̀ tí kò dàgbà bẹ́ẹ̀, oníná ni púpọ̀ nínú sìtíárìn wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín, nítorí ohun tó ń ṣe ọ̀kan kọ́ ló ń ṣe èkejì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí ike kékeré tí wọ́n ya àwòrán sìtíárìn sórí ìdérí rẹ̀, ọlọ́ìlì ni. Bí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oníná. Àwọn kan wà láàárín méjèèjì, bíi Peugeot 307, tí mọ́tò iná ń wa pọ́ǹpù ọ́ìlì rẹ̀; ike ọ́ìlì wà, ṣùgbọ́n kò sí bẹ́líìtì tó ń yí pọ́ǹpù náà.

Bí ó bá ṣàdédé le

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rárá, ẹ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Táyà iwájú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín kù ló máa ń mú sìtíárìn le jù, àtúnṣe rẹ̀ ló sì rọjú jù. Ẹni tó ti Èkó wá mọ 32 PSI. Ní Abidjan, 2.2 bar ni wọ́n á sọ fún un. Ohun kan náà ni, òdiwọ̀n ló yàtọ̀. Iye tó bá ọkọ̀ yín mu wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ti ń pa dé. Iye tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ lò, torí ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná. Ẹni tó bá sì ti pààrọ̀ táyà sí èyí tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ọkọ̀ lè dá yàtọ̀, kó má béèrè ohun tó dé tí sìtíárìn fi wúwo.

Bí afẹ́fẹ́ táyà bá pé tí ó ṣì le, ẹ wo ọ́ìlì. Ẹ̀gbẹ́ ike náà ní ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀pá kékeré wà lára ìdérí. Ọ́ìlì tó ń dín kù ń jò sí ibì kan. Kí ẹ máa rọ ọ́ìlì tuntun sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kọ́ ni àtúnṣe. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ tan iná sí àwọn páìpù, ẹ sì wo rọ́bà oníwèrewère tó bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin tó ń gbé yíyí sìtíárìn dé táyà, èyí tí mẹkáníìkì Abidjan ń pè ní crémaillère. Bí rọ́bà yẹn bá tutù tó ń kán, inú crémaillère ni ọ́ìlì ti ń jáde.

Irú ọ́ìlì tẹ́ ẹ rọ síbẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Púpọ̀ nínú Toyota àtijọ́ ń lo ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń pè ní Dexron. Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọkọ̀ Yúróòpù kan ń lo èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewé. Ẹ má pò wọ́n, ẹ sì má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan rọ ọ́ìlì bíréèkì sínú rẹ̀ nítorí pé òun ló wà nítòsí: yóò ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́, owó pọ́ǹpù àti ti crémaillère ni ẹ ó sì san. Bí ọ́ìlì bá ń hó, tí ìfófòó wà lójú rẹ̀, tí ọkọ̀ sì ń ké bí ẹ bá ti yí sìtíárìn, afẹ́fẹ́ ti wọnú rẹ̀.

Ibi tó ti le náà máa ń sọ̀rọ̀. Tó bá le lọ́tùn-ún lósì bákan náà, ẹ wo táyà, ọ́ìlì, bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan nìkan ló ti le, inú crémaillère ni kí mẹkáníìkì ti kọ́kọ́ wò. Tó bá le díẹ̀, tó rọ̀, tó tún le bí ẹ ṣe ń yí i, ẹ ní kó wo oríkèé tó so ọ̀pá sìtíárìn pọ̀ nísàlẹ̀. Ìpẹtà máa ń mú un, Treichville sì wà láàárín omi ọ̀sà, ọ̀rinrin kò jìnnà. Tí ẹ bá yà tán, tí sìtíárìn kò fúnra rẹ̀ padà sí àárín mọ́, ó lè jẹ́ rotule, ìyẹn oríkèé tó so ọ̀pá mọ́ táyà, ló ti gan.

Ti oníná ní ìṣe tirẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ máa ń gba iná púpọ̀ lọ́wọ́ bátìrì nígbà tí ẹ bá ń yí i lójú kan, nítorí náà bátìrì tó ti rẹ̀, tàbí alternator tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, á kọ́kọ́ fara hàn lára sìtíárìn. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn tí kò mọ̀: ẹ ń gbìyànjú láti kó ọkọ̀ sí àyè tóóró nítòsí ọjà, ẹ lọ, ẹ bọ̀, ẹ yí i, ẹ tún un yí, àfi bí sìtíárìn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mọ́tò náà ti gbóná ni, ó sì dín agbára rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò padà sípò. Ṣùgbọ́n bí iná kékeré tó ní àwòrán sìtíárìn bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò lọ mọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ooru. Kọ̀ǹpútà ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òòlù.

Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, tí òjò Abidjan bá sọ àwọn títì kan di odò, ẹ retí pé sìtíárìn ọlọ́ìlì lè le lójijì bí ẹ bá la omi kọjá. Omi ló ta sí bẹ́líìtì tó ń yọ̀. Ó sábà máa ń gbẹ kó sì padà. Bí sìtíárìn bá le, tí iná bátìrì sì tàn pọ̀ mọ́ ọn, bẹ́líìtì ti já nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ǹpù omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ dúró, ẹ pa á. Ẹni tó bá ní òun á rọra wà á délé, ẹ́ńjìnnì ni yóò fi ra ìkánjú yẹn.

Àwọn awakọ̀ kan ṣì ń pa ẹ́ńjìnnì ní ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ kí epo lè ṣẹ́kù. Ìwà burúkú ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, agbára sìtíárìn ọlọ́ìlì kú, bíréèkì náà yóò le lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, bí ẹ bá sì ṣèèṣì yọ kọ́kọ́rọ́, sìtíárìn lè tì pa. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín láìròtẹ́lẹ̀, ẹ rántí pé sìtíárìn kò já o, ó kàn wúwo ni. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ẹ fi gbogbo ara yí i, ẹ sì rọra darí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rù tó ń mú awakọ̀ jọ̀wọ́ sìtíárìn ló ń ṣe ọṣẹ́ ju ìwúwo náà lọ.

Bí ó bá rọ̀ jù

Èyí ni àwọn èèyàn kì í ráhùn nípa rẹ̀, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó ti pẹ́ lórí Corolla ọlọ́ìlì tó wá bọ́ sórí ọkọ̀ kékeré oníná, bíi ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe tasí báyìí, á kọ́kọ́ máa yí sìtíárìn ju bó ṣe yẹ lọ. Lójú Avenue 16, kò sí ìbẹ̀rù. Lórí afárá, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì gbaka lápá òsì àti ọkọ̀ àjàgbé lápá ọ̀tún, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ọwọ́ ṣì yẹn tó láti gbé yín wọ ọ̀nà ẹlòmíràn. Kódà ní Amẹ́ríkà, inú oṣù kejì ọdún 2010 ni àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí Corolla ọdún 2009 àti 2010, torí pé àwọn awakọ̀ ń sọ pé sìtíárìn oníná rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn tààrà bí eré bá pọ̀.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí Zone 3 láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ti tì tí títì sì ṣófo. Ẹ wà á lọ, wà á bọ̀, ẹ yà, ẹ padà, títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì sí ibi tí aago ti ń sọ mẹ́sàn-án àti mẹ́ta, kí ìgbọ̀nwọ́ yín ká díẹ̀. Ẹ má gbé apá lé fèrèsé. Ẹ wo ọ̀nà jìnnà, torí ẹni tó ń wo etí bọ́nẹ́ẹ̀tì á máa tún sìtíárìn ṣe ní gbogbo ìgbà. Àwọn ọkọ̀ kan ní bọ́tìnnì tó ń mú un rọ̀ sí i. Fiat Punto tó jáde lọ́dún 1999 ní èyí tí wọ́n kọ City sí. Inú ìlú nìkan ni kí ẹ ti lò ó.

Rírọ̀ àti mímì lásán kì í ṣe ohun kan náà o. Bí ẹ bá lè mi sìtíárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún tí táyà kò sì gbọ́, nǹkan ti lọ nísàlẹ̀: rotule, ọ̀pá, tàbí crémaillère tó ti jẹ. Bí mímì yẹn bá ti ju ìwọ̀n ìka méjì lọ létí sìtíárìn, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ visite technique, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin béèrè, kí wọ́n tó sọ fún yín.

Bí sìtíárìn bá ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín lórí omi lójú ọ̀nà Bassam, táyà iwájú ti gbéra kúrò nílẹ̀, omi ló ń gbé yín. Ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ má yí sìtíárìn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ di sìtíárìn mú tààrà, ẹ jẹ́ kí táyà fúnra rẹ̀ padà kan ilẹ̀. Táyà tó ti pá ló máa ń yára ṣe èyí.

Ẹrù ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ tó kan àwa Yorùbá Treichville, tí wọ́n ń pè ní Anago, jù, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń lọ sílé nígbà ọdún. A máa ń kó gbogbo ẹrù sí bútù: aṣọ, àpò ìrẹsì, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀bùn ìyàwó àbúrò. Ẹrù tó bá wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn á tẹ ìdí ọkọ̀ sísàlẹ̀, á sì gbé imú rẹ̀ sókè. Táyà iwájú kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́, sìtíárìn á fúyẹ́, awakọ̀ á sì rò pé ọkọ̀ òun ń ṣe dáadáa. Ọ̀nà tó ti Noé wọ Ghana, tó gba Lomé àti Cotonou dé Sèmè, ti jìn gan-an kí ẹ tó dórí kọ Ọ̀ṣun rárá. Ẹ gbé ohun tó wúwo jù sí ìsàlẹ̀, kí ó sún mọ́ ẹ̀yìn àga. Ohun tó fúyẹ́ ni kí ẹ fi sí ìkangun bútù. Ẹ fi kún afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn bí bébà ara ilẹ̀kùn ṣe sọ fún ọkọ̀ tó kún.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ jẹ́ kí olùtajà yí ìka rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó pa ẹ́ńjìnnì, kó ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí sìtíárìn má bàa tì. Ẹ rọra yí i fúnra yín kí ẹ mọ̀ bóyá ibì kan ń há. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ṣe ń ṣáná: ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ìrànlọ́wọ́ ti dé. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná sìtíárìn oníná gbọ́dọ̀ tàn bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde. Èyí tí kò tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa á mọ́ yín lójú. Ẹ yí sìtíárìn dé òpin, ṣùgbọ́n ẹ má dì í síbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, nítorí ìgbà yẹn ni pọ́ǹpù ń gbóná jù.

Ẹ bi í léèrè bóyá apá ọ̀tún ni sìtíárìn ọkọ̀ náà wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ti Japan tàbí Ìlú Ọba wá, wọ́n máa ń yí sìtíárìn wọn sí òsì nílẹ̀ wa, àwọn kan mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn kan sì kàn ń so irin mọ́ irin. Èmi kò ní fi owó mi ra irú rẹ̀ láìjẹ́ pé mẹkáníìkì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ní kẹ́ ẹ jọ gbé e dé VGE. Bí olùtajà bá kọ̀, ẹ gba owó yín padà sápò. Lójú ọ̀nà yẹn, ó yẹ kí sìtíárìn túbọ̀ le díẹ̀ bí eré bá ń pọ̀, kó padà sí àárín fúnra rẹ̀, kó má sì gba pé kí ẹ máa tún un ṣe ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ gbé èrò, ẹ jọ̀ọ́: bí iná sìtíárìn bá tàn láàárọ̀, tàbí tó le lójijì lẹ́yìn tí ẹ ti wọn afẹ́fẹ́ táyà, ẹ má gun afárá kankan pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Ẹ dá owó wọn padà, kí wọ́n wọ ọkọ̀ mìíràn.